Ohun Tí Ìdí-Ọdán Sọ fún Agbóhùn

Abẹ́rẹ́ ilẹ̀ náà wọlé dé ìdajì, ó kọ̀. Mopélọ́lá gbé ẹsẹ̀ lé e, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, pàbó ló já sí. Nígbà tó fà á yọ, ekuru ni ẹnu irin náà gbé jáde. Ó fẹ́ ẹ, ekuru fò lọ. Ó wo ojú abẹ́rẹ́ níbi tí nọ́ńbà omi máa ń yọ sí. Òdo ni.

"Ìyá mi, ìgbà wo ni òjò rọ̀ síbí kẹ́yìn?"

Ìyá Àwẹ̀ró, àbúrò bàbá rẹ̀, jókòó sórí ebè kan, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. "Òjò ń rọ̀," ó dá a lóhùn. "A dúpẹ́."

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin náà wo ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá wo ilẹ̀. "Ọjọ́ tí a sìnkú ìyàwó Baálẹ̀ ló rọ̀ kẹ́yìn," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Mopélọ́lá ṣírò rẹ̀ lórí ìka. Ó di ọjọ́ mọ́kànlélógójì lónìí. Ó gbé wàláà rẹ̀ lé orúnkún. Ohun tí Ilé Ìgbìn kọ síbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́jú kò tíì yí padà: Ìpele Kẹta, ogójì abúlé. Ilẹ̀ tutù. Òjò tó. Ẹ̀fọ́ àrọ̀kúrò: ṣọkọ yòkòtò, gbúre, wọ̀rọ̀wọ́. Nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni àwòrán àtẹ́lẹwọ́ kan wà tó ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn. Ọwọ́ Mopélọ́lá ló ń dúró dè.

Gbúre, lórí ilẹ̀ yìí! Ewébẹ̀ tí kì í fẹ́ kúrò létí odò, tó jẹ́ pé ìdí kànga ló ti máa ń hù fúnra rẹ̀! Ẹ̀rín ì bá pa á bí kì í bá ṣe pé ẹkún ló súnmọ́ ọn jù.

Lójú ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè, iṣẹ́ aṣàyàn irúgbìn kò le. Láti ìgbà tí ooru ti da àsìkò rú ni Ilé Ìgbìn ti pín ilẹ̀ sí ìpele márùn-ún, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní irúgbìn tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin ti ìpele ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tọ́jú irúgbìn pamọ́ sílé, nítorí pé ẹyẹ ìṣọ́ ń fò lókè tọ̀sán-tòru, ó mọ àwọ̀ ewé gbogbo, iná ló sì ń tú sórí èyí tí kì í ṣe ti ìpele náà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta Mopélọ́lá ti yan ti ìpele mẹ́rin láìlàágùn. Létí òkun, níbi tí omi iyọ̀ ti wọ inú oko, ó yan pápásan, nítorí iyọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Nínú igbó tó ṣẹ́kù, ó yan ṣọkọ àti ewúro. Lórí àwọn òkè gíga, níbi tí atẹ́gùn tútù sá sí, ó yan kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì. Níbi tí ìyanrìn ti dé etí odò Ọya, ẹ̀kúyá nìkan. Ó wá ku Ìpele Kẹta, ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí.

Òfin ní kí aṣàyàn gbọ́ ohùn abúlé kó tó gbé ọwọ́ lé wàláà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbọ́ ọ. Ta ló ráyè? Ṣùgbọ́n Mopélọ́lá gbọ́ ti Ìpele Kẹta lánàá, ká má tan ara wa, nítorí pé àárò ilé ń sọ ọ́ ni. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, òpó kan wà láàárín ìlú tí wọ́n ń pè ní Agbóhùn. Láràárọ̀ ni òpó náà ń kí ẹni tí ìlú yàn kó máa dá a lóhùn. Ní Ìdí-Ọdán, Ìyá Àwẹ̀ró ni ẹnu ìlú.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Àwẹ̀ró. Ẹ kú àfẹ̀mọ́jú. Báwo ni ilẹ̀?"

"Ilẹ̀ dára, a dúpẹ́."

"Òjò ńkọ́?"

"Òjò ń rọ̀, Ọlọ́run ṣeun."

Ojoojúmọ́ ni, fún odidi oṣù méjì. Ṣùgbọ́n Mopélọ́lá gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń há díẹ̀díẹ̀, bí ikọ́ ekuru ṣe ń wọ àárín "ilẹ̀" àti "dára". Ó lọ gbọ́ ti abúlé kejì, ó gbọ́ ti ẹ̀kẹta. Ogójì abúlé, ogójì ẹnu, gbogbo wọn ló ń dúpẹ́. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti wà lójú ọ̀nà.

Àwọn tó ṣe Agbóhùn gbìyànjú, ẹni bá sọ pé wọn ò gbìyànjú purọ́. Wọ́n kọ́ ọ ní kú àárọ̀, kú ìyálẹ̀ta, kú oòrùn, kú ọ̀fọ̀, kú ewu. Wọn ò kọ́ ọ ní bí àgbà ṣe ń dáhùn. Ta ni wọ́n máa kí láàárọ̀ tí yóò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa ka ìyà ilé rẹ̀? Ẹni tí ebi ń pa ń dúpẹ́. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ láti ìjẹta, ara ń mókun. Èèyàn tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á wo ojú, á fa àpótí, á jókòó, á tún un bi, nígbà náà ni òótọ́ á tó máa yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Agbóhùn kì í fa àpótí jókòó. Ó gba ọpẹ́ wọn, ó kà á sí omi, ó sì fi yan gbúre fún aṣálẹ̀.

Mopélọ́lá tẹ wàláà, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá Ṣówándé kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

"Ọ̀gá, mo ti fi abẹ́rẹ́ gún ilẹ̀ níbi mẹ́fà. Ilẹ̀ ti gbẹ. Ìṣápá ni kí a gbìn."

"Mo rí i," ohùn náà wí. "Abẹ́rẹ́ kan, ẹnu ogójì. Èwo ni kí ẹ̀rọ gbà nínú méjèèjì?"

"Abẹ́rẹ́ oko tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Ikán ti jẹ okùn wọn tán láti èṣí, o mọ̀. Ìdí tí a fi gbé Agbóhùn wá nìyẹn. Mopélọ́lá, ẹ̀rọ kì í gba ẹ̀rí kan borí ogójì. Àfi tí ọ̀kan nínú ogójì ẹnu náà bá fúnra rẹ̀ sọ pé òun ṣìnà. Bí ẹnu kan bá ti yẹ̀, ẹ̀rọ á fura sí gbogbo ẹnu ìpele yẹn, á gbé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì gba abẹ́rẹ́ rẹ."

"Abúlé tí ẹnu rẹ̀ bá yẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwọ náà mọ òfin Ìròyìn Èké. Ọdún méjì láìsí irúgbìn."

"Ṣé mi ò lè fi ọgbọ́n orí mi yàn ni, sà? Kí wọ́n fìyà jẹ mí tí mo bá ṣìṣe."

"Láti ìgbà tí Bàbá Akínlótu, aṣàyàn àtijọ́, ti fi ọgbọ́n orí yàn fún Ìpele Kejì tí ebi fi lu wọ́n pa, ọgbọ́n orí ò sí nínú òfin mọ́. Ọwọ́ nìkan ló kù fún wa. Kí oòrùn tó dé àtàrí, kí o gbé tìrẹ lé e. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ilé irúgbìn á tì, Ìpele Kẹta kò ní rí nǹkan kan gbìn. Ó dàbọ̀."

Wàláà náà padà sí orí àtẹ́lẹwọ́ tó ń tàn tó ń kú. Mopélọ́lá gbójú sókè. Oòrùn ti gun òkè jìnnà, kò ju wákàtí méjì lọ tó kù.

Ìyá Àwẹ̀ró ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn méjèèjì rìn kúrò lóko títí dé ẹ̀yìn ilé àkọ́kọ́. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ń kí wọn, wọ́n ń dúpẹ́. Mopélọ́lá wo ẹsẹ̀ wọn tó sán, ó wo korobá òfìfo tí wọ́n tò sábẹ́ òrùlé de òjò tí kò wá. Inú bí i sí wọn lójijì. Ó fẹ́ di èjìká wọn mú, kó mì wọ́n, kó ní kí wọ́n pariwo. Lẹ́yìn náà ojú ara rẹ̀ tì í, nítorí òun náà, nígbà tí ọ̀gá bi í láàárọ̀ pé ṣé ó sùn dáadáa, a dúpẹ́ ló sọ.

"Àmọ̀kẹ́," ìyá náà pè é ní oríkì rẹ̀. "Ọdún méjì tí wọ́n wí yẹn, ṣé bíi ti Òkè-Ata ni?"

"Bíi ti Òkè-Ata ni, mà."

Kò sí ẹni tí kò mọ Òkè-Ata lágbègbè náà. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kí Agbóhùn tó dé, ni wọ́n ká ìròyìn èké mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn yóò fi èlùbọ́ ìrànwọ́ fara dà á. Ní oṣù kẹrin àwọn ọ̀dọ́ ti wọ ọkọ̀ lọ sí ibùdó etíkun. Ní oṣù kẹwàá àwọn ìyá tẹ̀ lé wọn. Àkókò ìjìyà náà ti pé tipẹ́, Ilé Ìgbìn ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá gba irúgbìn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á? Ilẹ̀kùn nìkan ló ń gbá ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Òkè-Ata.

"Tí o bá gbé ọwọ́ lé gbúre ńkọ́?"

"Yóò hù fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà á rọ. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀. Ogójì abúlé ni kò ní rí ewébẹ̀ jẹ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn."

Ìyá Àwẹ̀ró ṣe hùn. Mopélọ́lá sì sọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti orí ebè, ó sọ ọ́ wàràwàrà kó tó le jù láti sọ. "Mo lè lọ sí Agbọ́njà. Alùpùpù mi á gbé mi débẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo lè bá ẹnu ìlú wọn sọ̀rọ̀, kó yí ìròyìn rẹ̀ padà. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, Ìyá mi."

Ìyá náà dúró. Ó yíjú sí i pátápátá.

"Àwọn ará Agbọ́njà ò bímọ ni?"

Mopélọ́lá wo ilẹ̀.

"Mo ní, ṣé wọn ò ní ìyá tiwọn? Ṣé o máa bá wọn jókòó, kí o sọ ohun tí òfin yóò ṣe fún wọn, àbí o máa fi àrékérekè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu arúgbó kan, kí o gun alùpùpù rẹ kí o máa lọ?"

"Mi ò tíì rò ó dé ibẹ̀, mà."

"O ti rò ó débẹ̀. Ìdí tí o kò fi lè wojú mi nìyẹn."

Òótọ́ ni. Omi bọ́ lójú Mopélọ́lá, kò sì nù ún.

Abẹ́ igi ọdán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agbóhùn, ni wọ́n ti bá Baálẹ̀ Oyèdìjí, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin. Mopélọ́lá kúnlẹ̀ kí i, ó wá la ọ̀rọ̀ kalẹ̀ fún un látòkè délẹ̀, kò fi ọ̀kankan pamọ́. Bàbá náà gbọ́ títí. Bó ṣe ń gbọ́ ni abẹ̀bẹ̀ ń falẹ̀, títí ó fi dúró.

"Ẹ wo ọmọ tí a rán lọ sílé ẹ̀kọ́," ó wí níkẹyìn. "Ẹ wo ohun tó gbé bọ̀ wálé fún wa."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mo ń bínú. Mi ò ní purọ́ fún ọ, nígbà tó jẹ́ pé irọ́ lẹ ń tìtorí rẹ̀ bá wa wí. Ìkíni ni wọ́n kí wa, a sì jẹ́ ẹ bí àwọn bàbá wa ṣe ń jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ta ni yóò jí ní òwúrọ̀ tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ṣépè fún ilẹ̀ tó ń bọ́ ọ? Èyí lẹ wá sọ di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ni kò mọ̀, Bàbá."

"Ìwọ mọ̀. O ti pẹ́ níbẹ̀ tó, ọdún mẹ́jọ. O ò lè sọ fún wọn pé a kì í bi àgbà ní ìbéèrè nínú ìkíni?"

Ọ̀rọ̀ yìí gún un ju èyí tó kù lọ. Kò lè sọ pé òun ò mọ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ Agbóhùn, ó wà níbẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ dùn pé ẹ̀rọ gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí ilé ọlá. Kò wá sí i lọ́kàn rárá. Bó bá wá sí i lọ́kàn ńkọ́, ṣé yóò ti sọ ọ́? Kò mọ̀.

Ìyá Àwẹ̀ró bọ́ sí iwájú. "Oyèdìjí, èèyàn mélòó ló wà lábúlé yìí?"

"Ọgọ́rin, ó lé díẹ̀. O mọ̀ ọ́n."

"Ogójì abúlé ńkọ́? Mélòó ni?"

Baálẹ̀ gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lé itan.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bẹ ní Kájọlà," ìyá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọmọ tìrẹ náà lọ́kọ ní Agbọ́njà. Bí a bá dákẹ́, gbogbo wọn ló ń jẹ gbúre tó rọ. Àwa náà á sì jẹ nínú rẹ̀. A ò ní jèrè ìdákẹ́jẹ́ yẹn, Oyèdìjí."

"Àwẹ̀ró, bí o bá sọ ọ́, o ti pa abúlé yìí. O ti pa á bí wọ́n ṣe pa Òkè-Ata. Ìwọ ni wọn yóò máa fi ṣe àpèjúwe."

"Mo mọ̀."

"Ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin tí o ti ń bẹ láyé, kò sẹ́ni tó pè ọ́ ní onírọ́ rí."

"Oyèdìjí, mo ní mo mọ̀."

Bàbá náà dìde pẹ̀lú ìnira. Ó wo oòrùn, ó wo ilé rẹ̀, ó wo sàréè ìyàwó rẹ̀ tí ilẹ̀ orí rẹ̀ ti là. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn ló ń wò. "Mò ń lọ sóko," ó wí. "Ẹni tó bá lọ sóko kò mọ ohun tí wọ́n sọ nílé. Bí mo bá dé tí wọ́n sì bi mí, mi ò gbọ́, mi ò rí." Ó mú ọ̀pá rẹ̀. Nígbà tó ti rìn jìnnà díẹ̀, ó tún dúró. "Ìṣápá ni ẹ ní ẹ fẹ́ fún wọn?"

"Ìṣápá ni, Bàbá. Àti ẹ̀kúyá."

"Kí wọ́n má gbìn ín jinlẹ̀," ó wí, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Mopélọ́lá di Ìyá Àwẹ̀ró lọ́wọ́ mú. Ohun tó mú un wá láti ìlú ńlá ni pé kí ìyá yìí lè sọ òótọ́. Nísinsìnyí tí ìyá fẹ́ sọ ọ́, kò fẹ́ kó sọ ọ́ mọ́. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Mo lè tún pe ọ̀gá. Mo lè kọ̀wé."

"Títí ìgbà wo?"

Mopélọ́lá wo òjìji ọdán nílẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sábẹ́ igi tán.

"Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ," ìyá náà wí. "Bóyá òun náà la fi ń jẹ ẹ́. Fi mí sílẹ̀."

Ó lọ dúró níwájú òpó náà, ó tún gèlè rẹ̀ wé bí ẹni tó fẹ́ bá àlejò pàtàkì sọ̀rọ̀, ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Iná kékeré kan tàn lórí òpó.

"Ẹ káàsán o, Ìyá Àwẹ̀ró. Ẹ kú oòrùn. Inú wa dùn láti tún gbọ́ yín. Báwo ni ilẹ̀?"

Ẹnu ìyá náà là. Mopélọ́lá rí ọ̀rọ̀ ọpẹ́ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó rí bí ó ṣe gbé e mì. Àwọn ènìyàn ti ń yọ láti ẹ̀yìn ilé, wọ́n dúró láìsúnmọ́ tòsí. Ẹ̀gẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn kan síbẹ̀.

"Ilẹ̀ ti gbẹ," Ìyá Àwẹ̀ró wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí."

"Mo ní ilẹ̀ ti gbẹ! Ó ti gbẹ, ó ti là, ọkọ́ ò lè wọnú rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni òjò ò rọ̀. Kànga tó wà ní ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ là ń fà níbẹ̀. Isu ta, kò tó ọwọ́ ọmọdé. Ebi ń bọ̀, mo sì ń rí i bó ṣe ń bọ̀."

Obìnrin kan lẹ́yìn wọn figbe ta, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Kò tíì gbọ́ ọ rí ni, kí ẹnì kan sọ ọ́ sóde báyìí.

"A gbọ́ yín," ni Agbóhùn wí, ohùn rẹ̀ dùn bí ti tẹ́lẹ̀. "Láàárọ̀ yìí, ẹ sọ pé òjò ń rọ̀. Ṣé irọ́ ni ẹ pa?"

"Kì í ṣe irọ́. Ìwọ lo kí mi, mo sì jẹ́ ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé irọ́ ni ẹ pa?"

Mopélọ́lá pa ojú dé. Ó rántí pé ìyá yìí ló nà án nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, torí ó jẹ ẹran inú ìkòkò, ó sì ní ológbò ni. Ìyá nà án, ó wá gbé e sórí ẹsẹ̀, òun náà ń sunkún, ó ń sọ pé onírọ́ kò sí nínú ilé àwọn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ìyá Àwẹ̀ró dáhùn.

"Ẹ ṣeun o, Ìyá Àwẹ̀ró. Ẹ máa sinmi o." Iná náà kú.

Wàláà gbọ̀n lọ́wọ́ Mopélọ́lá. Ohun gbogbo tó wà lójú rẹ̀ pa rẹ́, òmíràn yọ. Ìpele Kẹta. Ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀fọ́ àrọ̀kúrò: ìṣápá, ẹ̀kúyá. Abúlé mọ́kàndínlógójì. Ìdí-Ọdán: Ìròyìn Èké, ọdún méjì. Ní ìsàlẹ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ wà, ó ń tàn, ó ń kú.

Àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo ni. Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀, ó fi ìka yí ojú wàláà síhìn-ín sọ́hùn-ún, bóyá ibì kan wà tí ó ti lè fọwọ́ sí ìṣápá kó má fọwọ́ sí èyí tó kù. Kò sí. Ẹ̀rọ kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa abúlé rẹ́. Òfin ní ènìyàn ni kó ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ẹ̀rọ ló ń ṣàkóso wa. Aṣàyàn tí wọ́n bí sí Ìdí-Ọdán, ọmọ tí wọ́n dáwó jọ rán lọ síléèwé, òun ni ọwọ́ rẹ̀ yóò mú orúkọ Ìdí-Ọdán kúrò.

"Kí ló kọ?" Ìyá Àwẹ̀ró bi í.

Ó kà á fún un. Ohùn rẹ̀ já níbi orúkọ abúlé, ó tún un kà.

"Ìṣápá ni ṣá?"

"Ìṣápá ni, mà."

"Ó dáa. Ìṣápá mọ ilẹ̀ yìí." Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Gbé ọwọ́ lé e."

"Mi ò lè ṣe é."

"Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí, Àmọ̀kẹ́."

"Ìyá mi, mi ò lè ṣe é! Kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá. Kí wọ́n gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ mi. Mi ò lè fi ọwọ́ mi..." Ó jókòó sórí gbòǹgbò ọdán, ó gbá wàláà náà mọ́ àyà, ó ń sunkún láìtijú níwájú gbogbo àwọn tó wo òun dàgbà. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sì sẹ́ni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Wọ́n kàn dúró ni. Ó ku díẹ̀ kí òjìji igi náà wọlé tán pátápátá, oòrùn sì ń bọ́ sórí gbogbo wọn lọ́gbọọgba.

Ìyá Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, òun tí orúnkún ń dùn ún. Ó gba wàláà náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba abẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu omi ojú kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ náà mú ní ọrùn-ọwọ́, ó gbé e lé ojú wàláà, ó sì fi tirẹ̀ bò ó. Mopélọ́lá fẹ́ fà á yọ. Ìyá náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sì tú u sílẹ̀ títí iná náà fi dúró, tí kò kú mọ́.